Ọjọ́ Ìbí Létí Odò Avon: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Nìkan Lọ sí Ìlú Shakespeare

Nígbà tí mo fẹ́ pé 40 ọdún, mo sọ fún àwọn ará ilé pé mi ò ní ṣe ayẹyẹ kankan, pé mo fẹ́ dá nìkan lọ sí Stratford-upon-Avon, ìlú tí wọ́n bí William Shakespeare, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé, sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní, "Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ta ló máa bá ọ gé kéèkì?" Mi ò bá a jiyàn, mo lọ. Nígbà tí mo padà dé, òun ló kọ́kọ́ ní kí n júwe ọ̀nà fún òun. Láti ìgbà náà, ẹni mẹ́ta mìíràn ti bi mí, oníkálukú fún ọjọ́ ìbí tirẹ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo kọ sílẹ̀ síbí.

Ìlú kékeré ni Stratford, ní Warwickshire, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Odò Avon ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi orúkọ odò kún orúkọ ìlú. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ fún ọjọ́ ìbí ni pé ilé tí wọ́n bí Shakespeare sí àti ibi tí wọ́n sin ín sí kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú síra wọn lọ. Ilé ìwé rẹ̀ àti ilé tó fi owó ara rẹ̀ rà wà láàárín méjèèjì. Nítorí náà, ẹ má ṣe rìn kiri bí ẹsẹ̀ bá ṣe gbé yín. Ẹ rìn ín bí ayé rẹ̀ ṣe lọ, láti ojú ìkúnlẹ̀ dé ojú oórì, kẹ́ ẹ wá jókòó sétí odò níkẹyìn. Irú ìrìn yìí ṣòroó bá èrò rìn. Ebi á pa ọ̀kan, ẹsẹ̀ á dun èkejì, ẹ̀kẹta á ní kí wọ́n yà kí òun ra bàtà. Ẹni tó bá dá wà ló lè dúró pẹ́ níbi tó bá wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

1. Ẹ wo ọjọ́ yín mọ́ ọjọ́ tirẹ̀

Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí Shakespeare gan-an. Ọjọ́ ìsàmì rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì: ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, ọdún 1564. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí ìbí rẹ̀, ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin náà ló sì kú ní 1616, lẹ́ni ọdún 52. Bàbá mi náà ò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un kò ju pé àgbàdo ti gbó lóko lọ. Ọjọ́ tí mo kà pé ọjọ́ ìsàmì nìkan ni òǹkọ̀wé yìí náà ní, mo fóònù Bàbá láti sọ fún wọn, inú wọn dùn gan-an.

Ohun tí èyí já sí fún ẹni tó ń múra ìrìn àjò ni pé ní òpin ọ̀sẹ̀ tó bá sún mọ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, ìlú náà máa ń kún. Àwọn èèyàn máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láàárín ìlú, wọ́n á gbé òdòdó lọ sórí ibojì rẹ̀. Bí ọjọ́ ìbí yín bá bọ́ sígbà yẹn, ó dára, ó sì dùn ún wò, àmọ́ ẹ tètè gba yàrá ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Bó bá bọ́ sí oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ ń tètè ṣú, oòrùn lè ti wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kejìlá. Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹsàn-án ni etí odò máa ń lárinrin jù. Mo fẹ́ràn àárín ọ̀sẹ̀ ju Sátidé lọ, torí èrò máa ń pọ̀ ní Sátidé.

2. Ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má bàa lọ sí Stratford mìíràn

Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Stratford kan wà ní ìlà oòrùn London, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdíje Òlíńpíìkì ní 2012, ọkọ̀ ojú irin tó ń dé ibẹ̀ kò sì lóǹkà. Bí ẹ bá kọ "Stratford" nìkan sórí ìkànnì tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ lẹ lè bá ara yín. Ẹ kọ orúkọ náà tán pátápátá: Stratford-upon-Avon. Èkejì tún wà níbẹ̀: ibùdókọ̀ kan ń jẹ́ Stratford-upon-Avon Parkway, ẹ̀yìn ìlú nìyẹn wà, àwọn tó ń gbé mọ́tò wọn síbẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má sọ̀ síbẹ̀. Ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, níbi tí ojú irin parí sí, ni tiyín.

Láti London, Marylebone lẹ ti máa wọ ọkọ̀. Ó máa ń tó wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì lè ní láti pààrọ̀ ọkọ̀ lọ́nà, ní Leamington Spa fún àpẹẹrẹ. Láti Birmingham, Moor Street tàbí Snow Hill ni, kò sì ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Bí ẹ bá ní káàdì ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Railcard, ó ń yọ ìdá mẹ́ta owó náà kúrò. Ti àwọn ọmọ ọdún 16 sí 25 wà, ti àwọn 26 sí 30 wà, ti àwọn àgbà tó ti pé 60 náà wà. Ọkọ̀ kì í pọ̀ lọ́jọ́ Sunday, ẹ wo aago ọkọ̀ tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó sanwó ohunkóhun.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà nílò físà àbẹ̀wò. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ so Stratford mọ́ àbẹ̀wò ẹbí tàbí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, torí ọjọ́ méjì tó ìlú náà.

3. Ẹ sùn níbẹ̀ ní àìsùn ọjọ́ ìbí

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ láàárọ̀, tí wọ́n ń padà nírọ̀lẹ́. Ní ti ọjọ́ ìbí, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ dé lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sùn, kẹ́ ẹ jí sínú ìlú náà ní ọjọ́ yín gan-an. Ìgbà tí ẹ bá jí lójú ilẹ̀ mìíràn, tí kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, tí ẹ ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́nà jíjìn, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ilé àlejò kéékèèké tí wọ́n ti ń fún èèyàn lóúnjẹ àárọ̀ pọ̀ ní Evesham Place àti Grove Road, láàárín ibùdókọ̀ ojú irin àti ìgboro. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní yàrá ẹlẹ́nìkan, torí ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé owó ẹni méjì ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ tún béèrè bí ẹ ṣe máa wọlé bí ẹ bá pẹ́. Wọ́n fi nọ́ńbà tí mo máa tẹ̀ sára ilẹ̀kùn ránṣẹ́ sí ímeèlì mi, mi ò kọ ọ́ síbì kankan. Nígbà tí mo jáde ní tíátà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, fóònù mi ti kú. Mo dúró síta nínú òtútù fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí àlejò mìíràn tó dé. Ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà yẹn sórí bébà, kẹ́ ẹ fi í sínú àpò ẹ̀wù, kó má jẹ́ inú báàgì.

Ní ti ẹrù, bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, agbòrùn, ẹ̀wù òtútù kan àti páwà báǹkì ti tó. Kí ẹnìkan nílé mọ orúkọ ilé tí ẹ sùn sí àti ìgbà tí ẹ ń padà.

4. Ọ̀sán àìsùn: ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Shottery

Bí ẹ bá ti gbé ẹrù sílẹ̀, ẹ má sùn o. Shottery ni abúlé tí wọ́n ti bí Anne Hathaway, ìyàwó Shakespeare. Ó fi díẹ̀ ju máìlì kan lọ sí àárín ìlú, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì wà tó gba àárín ilé àti pápá kọjá. Ìrìn ìdajì wákàtí ni. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀, koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀ tó nípọn bí ìbùsùn, ọgbà òdòdó sì wà níwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá ń rìn lọ. Ìparí ọdún 1582 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ọmọ ọdún 18 ni ọkọ, ọmọ ọdún 26 ni ìyàwó, oyún sì ti wà níkùn, torí oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sàmì Susanna, àkọ́bí wọn. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 18 tó ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn lọ wo àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò tíì kọ eré kankan. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ti ń kà á láti ilé ìwé gíga, ọ̀nà Shottery ni mo ti kọ́kọ́ rí i bí ọmọ ẹnìkan, tó ń ronú ohun tó máa sọ fún bàbá rẹ̀.

Ilé yìí, ilé ìbí rẹ̀ àti New Place, ilé tó fi owó ara rẹ̀ rà, wà lábẹ́ àbójútó ẹgbẹ́ kan náà, Shakespeare Birthplace Trust. Ẹ wò ó lórí ìkànnì wọn bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo wà tó kó wọn pọ̀, kó má bàa di pé ẹ ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Aago tí wọ́n ń ṣí máa ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà ẹ wò ó ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń lọ gan-an.

5. Alẹ́ àìsùn: eré kan ní tíátà

Gbọ̀ngàn eré ńlá tó wà létí odò, Royal Shakespeare Theatre, ni kẹ́ ẹ lọ lálẹ́. Iná jó èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní 1926. Obìnrin ayàwòrán ilé kan, Elisabeth Scott, ló ya èyí tí wọ́n ṣí ní 1932, kí wọ́n tó tún inú rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì tún ṣí i ní ìparí 2010. Inú ògiri èyí tó jóná yẹn náà ni wọ́n wá kọ́ gbọ̀ngàn kékeré sí, èyí tó ń jẹ́ Swan.

Àǹfààní ńlá kan wà fún ẹni tó dá wà níbí. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan máa ń ṣẹ́kù láàárín àwọn tó wá ní méjì méjì, nítorí náà bí wọ́n bá ní tíkẹ́ẹ̀tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ má sọ̀rètí nù, ẹ wá ìjókòó kan ṣoṣo. Mo rí tèmi ní ọjọ́ méjì péré sí ọjọ́ eré, iwájú pátápátá. Wọ́n kọ́ ìtàgé náà lọ́nà tí àwọn òǹwòran fi jókòó yí i ká lápá mẹ́ta, mo ń rí òógùn lójú òṣèré.

Ẹ ka ìtàn eré náà kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ má dààmú láti ka gbogbo ìwé, torí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti lé ní 400 ọdún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì alára kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ ẹni tó ń jowú, ẹni tó ń purọ́ àti ẹni tó ń sunkún, ara àwọn òṣèré á sọ ìyókù fún yín. Bí ẹ bá sì ń rò ó pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá, ẹ rántí pé ní 2012, ẹgbẹ́ Renegade Theatre láti Èkó gbé ọ̀kan nínú àwọn eré rẹ̀ lọ sórí ìtàgé Globe ní London, odindi eré, ní èdè Yorùbá. Wọ́n pè é ní Ìtàn Ògìnìntìn. Ọba òjòwú inú eré náà ni wọ́n sọ di Ṣàngó, ó sì bá a mu rẹ́gí.

Eré mìíràn máa ń kọjá aago mẹ́wàá alẹ́. Ìdí kejì nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ sùn níbẹ̀.

6. Àárọ̀ ọjọ́ ìbí: ẹ gba àdúrà, kẹ́ ẹ lọ sí Henley Street

Àwọn ará ilé á pè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè, kí wọ́n gbàdúrà dé ibi tó bá wù wọ́n, ẹ máa ṣe àmín. Ẹ má jáde nílé àlejò títí ìpè ìyá àti bàbá yín, tàbí ti àgbà tó dúró fún wọn, á fi parí. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn fóònù. Bí ẹ kò bá pa á, ẹ̀ẹ́ máa dáhùn "ẹ ṣé, ẹ ṣé" níwájú gbogbo ohun tí ẹ wá wò.

Ẹ dé Henley Street bí wọ́n bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn, kí èrò tó dé. Ilé onígi ni ilé ìbí náà. Iṣẹ́ ìbọ̀wọ́ aláwọ ni John Shakespeare, bàbá rẹ̀, ń ṣe nínú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó kọ́kọ́ dárúkọ John ní ìlú náà jẹ́ ti 1552, nígbà tí wọ́n bu owó ìtanràn ṣílè kan lé e torí ó kó ààtàn jọ síta ní Henley Street.

Yàrá ìbí wà lókè. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dúró pẹ́. Kì í ṣe òun ni àkọ́bí. Àwọn òbí rẹ̀ ti bí Joan, wọ́n ti bí Margaret, kò sì sí èyí tó dúró nínú wọn kó tó dé. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni wọ́n bí i sí, Málọmọ́ ni wọn ì bá pè é, tàbí Dúrósinmi. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí àjàkálẹ̀ àrùn wọ ìlú ní oṣù Keje 1564. Àlùfáà kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì pé ibí ni àrùn ti bẹ̀rẹ̀, òkú tí wọ́n sin kó tó kásẹ̀ nílẹ̀ sì lé ní 200. Ìyá tó ti sin ọmọ méjì, tó tún gbé ọmọ oṣù mẹ́ta dání nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, mi ò mọ irú àdúrà tó gbà. Mo dúró nínú yàrá yẹn ní ọjọ́ tí mo pé ogójì ọdún, mo rò ó pé èmi náà, ẹnìkan ló gbé mi dání.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ wá fèrèsé àtijọ́ tí wọ́n tọ́jú sínú ilé náà. Láyé àtijọ́, àwọn àlejò máa ń fi dáyámọ́ǹdì ya orúkọ wọn sára gíláàsì rẹ̀. Ẹ rọra tẹ̀ síwájú, kẹ́ ẹ wò ó ní ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú àyà gíláàsì náà. Ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín lẹ máa kọ́kọ́ rí, bí èyí tí ìgbín fà sára ògiri, kó tó wá máa di lẹ́tà. Walter Scott tó jẹ́ òǹkọ̀wé ńlá náà ya tirẹ̀ síbẹ̀. Ní 1847, wọ́n gbé ilé náà sí gbàǹjo, àwọn tó fẹ́ràn Shakespeare sì dá £3,000 jọ láti rà á fún gbogbo ará ìlú. Charles Dickens tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé wà lára àwọn tó ṣe akitiyan owó náà.

7. Ilé ìwé, lẹ́yìn náà ilé owó ara rẹ̀

Láti Henley Street, ẹ gba High Street sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Chapel Street. Ẹ ó kọ́kọ́ kan New Place. Ẹ rekọjá, ẹ má tíì wọlé. Ilé ìwé ló kàn nínú ayé ọmọdé, ó sì wà lẹ́yìn ilé ìsìn kékeré tó wà níwájú yẹn, ní Church Street. King Edward VI ni orúkọ ilé ìwé náà, àwọn ọmọ ṣì ń kàwé níbẹ̀ títí dòní. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí wọ́n gbà pé Shakespeare jókòó sí wà lókè, igi dúdú ló gbé òrùlé rẹ̀ ró. Láti 2016 ni wọ́n ti ṣí i fún àlejò. Ẹ wo aago wọn ṣáájú.

Ẹ wá padà sẹ́yìn sí New Place. Ní 1597 ni Shakespeare rà á, ọ̀kan lára àwọn ilé tó tóbi jù ní ìlú nígbà náà. Hugh Clopton ló kọ́ ọ, ọmọ agbègbè yẹn tó dolówó ní London, tó sì di olórí ìlú London ní 1491. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé létí odò. Inú ilé yìí ni Shakespeare kú sí.

Kò sí ilé níbẹ̀ mọ́. Ọgbà ni. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Francis Gastrell ló rà á ní ìgbẹ̀yìn. Àlejò tó ń wá wo igi mulberry tí wọ́n ní Shakespeare ló gbìn ín sú u, ó gé igi náà. Nígbà tó di 1759, ó wó ilé náà palẹ̀. Inú bí àwọn ará ìlú gidigidi. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé kí ẹni tí àkókò rẹ̀ kò tó fo ibẹ̀ torí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi ò gbà. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì inú ọgbà náà fún ìdá mẹ́rin wákàtí. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ti jẹ gbèsè rí, tó fi eré ṣiṣẹ́ títí tó fi ra ilé ńlá ní ìlú tí wọ́n bí i sí, ibí yìí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀.

Ebi á ti máa pa yín. Sheep Street kò jìnnà, ilé oúnjẹ tò síbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹnìkan ni yín, kẹ́ ẹ béèrè tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí wọ́n bá fẹ́ fi yín sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ rọra sọ pé ọjọ́ ìbí yín ni. Wọ́n á yí i padà.

8. Ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity

Ọ̀nà tó lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì náà gba àárín igi tí wọ́n gbìn ní ọwọ́ méjì. Òkúta ibojì àtijọ́ wà lápá ọ̀tún àti apá òsì, odò sì wà lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣì ń jọ́sìn nínú rẹ̀ ni, nítorí náà bó bá jẹ́ àárọ̀ Sunday tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ ó dúró. Wọ́n máa ń béèrè ọrẹ kí ẹ tó lọ sí ibi pẹpẹ níbi tí ibojì wà. Ẹ mú owó díẹ̀ lọ́wọ́.

Òkúta pẹlẹbẹ tó bo Shakespeare kò ní orúkọ lára. Ìlà mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀: ó bẹ ẹni tó bá dé ibẹ̀ pé kó má ṣe wa erùpẹ̀ náà, ó súre fún ẹni tó bá fi òkúta náà sílẹ̀, ó sì gégùn-ún fún ẹni tó bá ṣí egungun rẹ̀ nípò. Láyé ìgbà náà, wọ́n a máa hú egungun òkú láti wá àyè fún ẹlòmíràn. Anne ìyàwó rẹ̀, tó kú ní 1623, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Susanna náà ò jìnnà. Lára ògiri lókè ni ère rẹ̀ wà, kálàmù ló mú dání.

Ẹni kan wà tí ẹ kò ní rí. Lẹ́yìn Susanna, ìbejì ni wọ́n bí, ọkùnrin kan, obìnrin kan, Hamnet àti Judith. Ọmọ ọdún 11 ni Hamnet nígbà tó kú ní 1596, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni wọ́n sin ín sí, kò sì sí àmì kankan tó fi ojú ibẹ̀ hàn. Ọ̀kan nínú ìbejì ni ìyá mi, Kẹ́hìndé ni wọ́n, Táíwò wọn ò sì sí mọ́ kí n tó dáyé. Mo rìn yí ọgbà náà ká lẹ́ẹ̀mejì láìwá ohun kan pàtó, mo kàn dárúkọ ọmọ náà sínú.

9. Odò ló kẹ́yìn

Nígbà tí ẹ bá jáde, ẹ má gba ojú pópó padà. Ẹ gba ọgbà etí odò, kẹ́ ẹ máa lọ síhà tíátà. Ẹ ó dé ibi tí ọkọ̀ ìsọdá kékeré kan ń dúró sí. 1937 ni wọ́n ṣe é, ọwọ́ ni wọ́n sì ń fi yí i títí dòní. Ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè rí ẹni tó ń wà á dáadáa. Ṣéènì kan wà nísàlẹ̀ odò, láti bèbè kan dé èkejì. Bí awakọ̀ náà bá ṣe ń yí ọwọ́ irin, ṣéènì á máa jáde látinú omi níwájú, tútù, dúdú, omi á máa kán tó tó tó lára rẹ̀, á gba orí àgbá irin kọjá, á sì tún rì sínú odò lẹ́yìn. Kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì. Bíi ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni, ẹ sì ti sọdá. Ìgbà òtútù kì í ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá lọ nígbà náà, ẹ fi afárá sọdá.

Pápá koríko ni apá kejì. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀ tó kọjú sí tíátà, ibẹ̀ ni mo ti bu kéèkì kékeré tí mo rà ní Sheep Street. Ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń pè ní swan pọ̀ lórí omi náà, wọ́n á wá bá yín. Ẹ má fún wọn ní kéèkì.

Níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ ohun tí ẹ bá fẹ́ kọ. Èmi kọ lẹ́tà sí ọmọ mi, kó ṣí i nígbà tí òun náà bá pé 40. Bí ẹ bá parí, ẹ rìn lọ sí afárá bíríkì tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1823 fún kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà lórí irin. Ẹ dúró láàárín rẹ̀, kẹ́ ẹ wo apá ibi tí mọ́tò ń gbà. Afárá òkúta tó ní ojú 14 yẹn, Hugh Clopton náà ló kọ́ ọ, ṣáájú kí wọ́n tó bí Shakespeare. Ọ̀nà tó lọ sí London nìyẹn. Orí rẹ̀ ni ẹni tó bá ń ti Stratford lọ wá iṣẹ́ ní London máa ń gbà.

Láti ibẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin, ogún ìṣẹ́jú ni. Ẹ fi ìdajì wákàtí sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè dúró wo omi lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì ṣí fóònù yín nínú ọkọ̀. Àwọn àdúrà ọ̀sán á ti tò síbẹ̀ dè yín.